Ẹ Jẹ́ Kí Olùwádìí Ríbi Jókòó

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta àdìrẹ, mo sì bá òun àti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ nídìí àríyànjiyàn. Ìtàn Boris Johnson, ẹni tó ti ṣe Olóòtú Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, ni ọmọ ń kà fún ìyá. Bí ìyá ti rí mi báyìí, ó ké sí mi: "Bàbá Akọ̀wé, ẹ gbà mí o! Òṣèlú bú òṣèlú, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Láti ìgbà wo?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Nígbà àrùn kòrónà, ní 2020 àti 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí onílé gbélé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò láǹfààní láti wà níbi ìsìnkú ẹbí wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn kan ń kóra jọ mutí nínú ọ́fíìsì Olóòtú Ìjọba. Nígbà tí aṣírí ń tú, Johnson dìde nínú Ilé Aṣòfin ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ó ní gbogbo ìlànà ni àwọn tẹ̀ lé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ọlọ́pàá bu owó ìtanràn lé òun alára. Ní oṣù yẹn kan náà ni Ilé ní kí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ Ilé wádìí bóyá ó ṣi àwọn lọ́nà.

Ẹni 7 ni wọ́n, 4 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Johnson fúnra rẹ̀. Ohun kan wù mí púpọ̀ níbẹ̀: Chris Bryant, alága wọn, yẹra fún iṣẹ́ náà, torí ó ti sọ tinú rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà ní gbangba kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Harriet Harman ló jókòó sípò rẹ̀.

Mo wá ní, "Ìyá, ẹ gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1689 ní ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ pe aṣòfin léjọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nínú Ilé, kí ẹ̀rù má baà bà á láti sọ òtítọ́. Bó bá wá purọ́ ńkọ́? Adájọ́ kò lè bi í. Ilé nìkan ló lè bi í. Bí ẹ bá fọ́ ìgbìmọ̀ ẹni 7 yẹn, kò sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ lè gbà lọ mọ́."

Johnson búra níwájú wọn ní oṣù kẹta ọdún 2023, ó sì fèsì fún ohun tó ju wákàtí 3 lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, tó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó fi Ilé sílẹ̀, ó sì pe ìgbìmọ̀ náà ní ilé-ẹjọ́ yẹ̀yẹ́ tó ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹ̀rí. Lọ́jọ́ 15, wọ́n gbé àbọ̀ jáde: ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi Ilé lọ́nà, ìbá ṣì wà nílé ìgbìmọ̀ ni, àwọn ìbá ní kó lọ rọọ́kún nílé fún ọjọ́ 90. Ẹni 354 fọwọ́ sí i, ẹni 7 kọ̀ ọ́.

Àwọn abẹnugan kan ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ìgbìmọ̀ náà kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe kọ àbọ̀ mìíràn, tó dárúkọ ẹni 10. Ilé fọwọ́ sí ìyẹn náà ní oṣù keje.

Olùkọ́ ní, "Sà, ṣé ẹnu wá di títì ni?" Rárá o. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìwádìí kalẹ̀, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ẹnìkan kò kọ̀ ọ́. Wọ́n lè kó ẹ̀rí wá. Nígbà tí àbọ̀ dé, wọ́n lè dìde nínú Ilé kí wọ́n fà á ya. Ẹni tó bú adájọ́ kó tó dájọ́, ohun mìíràn ló ń wá.

Kí n má baà máa nàka sí òkèèrè nìkan, ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí epo bẹntiróòlù fò láti náírà 65 sí 141. Ilé Aṣojú-ṣòfin wa gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí owó ìrànwọ́ epo, Farouk Lawan sì ni alága. Alága yẹn náà ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 2021 pé ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nídìí ìwádìí náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù sì fìdí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 múlẹ̀ fún un ní 2024. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju èébú lọ.

Ìyá dákẹ́. Mo wá sọ tèmi fún un. Nígbà kan, ẹgbẹ́ kan yan àwa mẹ́ta láti yẹ ìwé owó wò. Ìwádìí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ènìyàn akápò fi dúró níwájú ìsọ̀ ìyàwó mi, tí wọ́n ń pariwo pé olè ń wádìí olè. Ẹnì kejì wa ní òun kò ṣe mọ́, òun ní ọmọ tí òun fẹ́ fà fún ọkọ nínú ẹbí wọn. Ẹnì kẹta kò wá sípàdé mọ́.

Ìyá ní, "Ìwé owó náà ńkọ́?"

Mo ní ó wà nínú àpótí ẹgbẹ́. A kò ṣí i mọ́ láti ọjọ́ náà.