Ẹyin Tí Kò Sí Nínú Mọ́ínmọ́ín

Bí oníṣòwò bá polówó pé mọ́ínmọ́ín òun dùn ju oyin lọ, kò sí ẹni tó máa pè é lẹ́jọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé àbùmọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ní ẹlẹ́mìí méje ni, pé ẹyin àti ẹja wà nínú rẹ̀, tí a sì tú ewé tí a kò rí nǹkan kan, irọ́ ló pa. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Hello Games, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Guildford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé No Man's Sky jáde. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti bi Sean Murray, olórí wọn, bóyá àwọn tó ń gbá géèmù náà lè pàdé ara wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ yóò ṣọ̀wọ́n, nítorí bí ayé inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Géèmù náà jáde, àwọn méjì sì wá ara wọn lọ sí ojú kan náà. Wọn ò rí ara wọn.

Ẹ̀sùn 23 ló dé ọ̀dọ̀ ASA, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ọjà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àjọ náà dá Hello Games láre. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí wọ́n ti ń ta géèmù náà lórí Steam ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ohun tí Murray fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ìlérí lásán ni, pé ìlérí kì í ṣe irọ́. Àwa tí a ti ka J. L. Austin mọ̀ pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: a lè mú ìlérí ṣẹ tàbí kí a yẹ̀ ẹ́, a kì í pè é ní òótọ́ tàbí irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. "A máa fi í sí i" jẹ́ ìlérí. "Ẹ lè pàdé ara yín" ń ṣàpèjúwe ọjà. Lóòótọ́, ọjà náà kò tíì parí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ṣáájú, àpèjúwe yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń sanwó lé lórí. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí géèmù jáde ni Murray tó ṣàlàyé pé kì í ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀. Owó ti kúrò lápò.

Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n fi àǹfààní àtipàdé kún un ní kíkún, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo yìn wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó san gbèsè ti kọ́kọ́ jẹ gbèsè ná.

Nítorí náà, lójú tèmi, ìpolówó ni ọ̀rọ̀ ẹnu olùṣe géèmù níwọ̀n ìgbà tí ọjà rẹ̀ bá wà lórí àtẹ, ó sì yẹ kí àwọn àjọ bíi ASA máa gbé e yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ máa wo ọ̀rọ̀-ìṣe kí ẹ tó sanwó: ṣé "ó wà" ni wọ́n sọ, àbí "ó máa wà"?