Lẹ́sìnnì Àròkọ: Ṣé Ó Tó Sanwó Fún?

Bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ òbí a wá tíṣà lẹ́sìnnì tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní òfò ni owó yẹn. Wọ́n ní àkọ́sórí lásán ni: lẹ́tà sí gómìnà, lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tó wà lókè òkun, ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ìparí kan náà. Ọmọ á wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, á dà á sílẹ̀ bó ṣe gbé e wá.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín máàkì 50 tó wà fún àròkọ: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 10 fún sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé, 20 fún ìlò èdè. Àkọ́sórí á rí nǹkan bù nínú ti ètò. Ti ìlò èdè ló máa tú àṣírí, torí gbólóhùn tíṣà àti gbólóhùn ọmọ kì í jọra.

Ti ọ̀rọ̀ sísọ tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Ní Nàìjíríà, ìbéèrè 60 tí ọmọ yóò kàn mú ìdáhùn lábẹ́ wọn ni wọ́n ń pè ní ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó lè gba gbogbo máàkì rẹ̀ láìlanu. Ìdánwò nìkan, nígbà náà, kò ní kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ro èrò ẹni jáde.

Ibi tí lẹ́sìnnì ti lè wúlò nìyẹn. Nínú kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́, tíṣà wo ló fẹ́ ka àròkọ gbogbo wọn, kó fi bíírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Kí ló dé tó o fi sọ báyìí?" Lẹ́sìnnì ọmọ mẹ́ta mẹ́rin lè ṣe é. Nílé ńkọ́? Ọmọ tó bá bi bàbá rẹ̀ pé, "Ẹ̀rí wo lẹ ní, sà?" lè gba ìgbátí. Lọ́dọ̀ tíṣà tí a sanwó fún, iyàn jíjà kì í ṣe àrífín.

Ọmọ ẹni tó lówó nìkan ló lè rí irú lẹ́sìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ ó wí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń dùn mí. Ohun tó tún ń bí mi nínú ni lẹ́sìnnì tó ń fi owó ìtanràn lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi èdè ìyá rẹ̀ jiyàn ná, kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́.

Kí òbí tó sanwó oṣù kejì, kó gba ìwé ọmọ wò. Bó bá jẹ́ àmì gúùdù pupa nìkan ló wà níbẹ̀, tí kò sí ìbéèrè kankan, kó wá tíṣà mìíràn.