“Ẹkùn Àkókò” àti “Ìyàtọ̀ Wákàtí”: Ọ̀rọ̀ Méjì Ni Wọ́n

Bí ẹnì kan bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Imota, ní agbègbè Ìkòròdú, tí ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sínú Git, ètò tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005 láti máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́, Git a tẹ òǹtẹ̀ àkókò sí i. Ohun méjì ni ó wà nínú òǹtẹ̀ náà: iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, àti àmì +0100, tí ó fi hàn pé aago ibẹ̀ fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. Ẹni tí ó bá pe àmì yìí ní “ẹkùn àkókò” ṣì í pè.

Ẹkùn ní orúkọ, ó sì ní ìtàn. Ẹkùn Èkó ni Imota wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1914, ààbọ̀ wákàtí ni aago Èkó fi ṣáájú ti Greenwich. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1919 ni ó di wákàtí kan. Ẹkùn kan náà ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni London a máa lo +0100 nígbà ooru wọn, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹkùn Èkó. Bí òtútù bá dé, a padà sí +0000.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Kí ará Imota fi iṣẹ́ pamọ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nínú oṣù Kìíní, kí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní London fi tirẹ̀ pamọ́ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá wo ojú aago nìkan yóò ní ti London ni ó ṣáájú. Rárá o: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó fi gbẹ̀yìn. Ẹ̀dà tuntun ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sọ nù.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ kan tó, nítorí pé àwọn baba ńlá wa ń sọ “ìyálẹ̀ta” láìbéèrè ibo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo ni ìyálẹ̀ta wọn wà fún. Iṣẹ́ òde òní ń rin ìlú púpọ̀.

Nítorí náà, kí “òǹtẹ̀ àkókò” jẹ́ orúkọ gbogbo àkọsílẹ̀ náà, kí “ìyàtọ̀ wákàtí” jẹ́ ti àmì bíi +0100, kí “ẹkùn àkókò” sì jẹ́ ti ibi tí òfin aago kan ti múlẹ̀. Ìyàtọ̀ wákàtí tó fún ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí a dá ọjọ́ rẹ̀ sí iwájú ń fẹ́ ẹkùn, nítorí pé òfin aago lè yí padà kí ọjọ́ náà tó pé.