Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí kì í ṣe àbòsí, Ọba tí kì í di ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ru ẹlòmíràn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ìgbàkígbà tí bọ́ǹbù bá dún ní ilẹ̀ òyìnbó, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn wọn àti ní ilé aṣòfin wọn: kí ni ó yẹ kí ìjọba fi dá àwọn agbésùnmọ̀mí lóhùn? Ọ̀nà méjì ni ìdáhùn máa ń gbà wá. Àwọn kan á ní ogun ni, àhámọ́ ni, kí a fún gbogbo Mùsùlùmí lọ́rùn títí wọn yóò fi jẹ́wọ́. Àwọn kan, tí díẹ̀ nínú wa sì wà lára wọn, á ní òyìnbó ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, kí ó jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ìwé ìròyìn wa yìí kò bá èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lọ. Gbólóhùn kan ni ohun tí a ní láti sọ, àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ sílẹ̀ fún wa: ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kì í gé apá, kì í sì í gé ìka ẹni tó jókòó ti ọ̀daràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, ẹ̀mí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ni ó ṣòfò ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 7, oṣù keje, ọdún 2005, ènìyàn 52 tí wọ́n ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn lọ ni wọ́n pa nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti nínú bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2015, ènìyàn 130 ni wọ́n pa ní Paris ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mùsùlùmí wà nínú àwọn tó kú ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni ó fún àwọn apànìyàn wọ̀nyí ní fátíwà? Ànábì wa ka pípa obìnrin àti ọmọdé léèwọ̀ kódà ní ojú ogun, áńbọ̀sì ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń gbèjà wọn. Ọ̀daràn ni wọ́n. Ìjọba tó bá mú wọn, tó sì dá wọn lẹ́jọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ṣe.

Àmọ́ báwo ni ó ṣe yẹ kí a mú ọ̀daràn? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ọkùnrin kan àti ọmọ arábìnrin rẹ̀, kí ẹ sì fi ọgbọ́n orí yín ṣe ìdájọ́.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kejì, ọdún 1993, bọ́ǹbù tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ bú gbàmù lábẹ́ ilé gogoro World Trade Center ní New York. Ènìyàn 6 kú, àwọn tó fara pa lé ní 1,000. Amẹ́ríkà kò tìtorí rẹ̀ kó ogun lọ bá orílẹ̀-èdè kankan. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ náà títí wọ́n fi mú àwọn tó háyà rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá mẹ́rin lẹ́bi ní ọdún 1994. Olórí wọn, Ramzi Yousef, sá lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Islamabad, olú-ìlú Pakistan, ní oṣù kejì, ọdún 1995. Wọ́n gbé e wá sí New York, wọ́n jẹ́ kó ní agbẹjọ́rò, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba, nígbà tó sì di oṣù kìíní, ọdún 1998, adájọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Kò tó ọdún márùn-ún láti ọjọ́ tí bọ́ǹbù náà dún.

Khalid Sheikh Mohammed ni arákùnrin ìyá Yousef yìí, òun ni Amẹ́ríkà sì sọ pé ó pète ọ̀ràn ọdún 2001. Ọwọ́ tẹ òun náà ní Pakistan ní oṣù kẹta, ọdún 2003. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn aláṣẹ ní òfin kò yá tó. Wọ́n gbé e pamọ́ sí ẹ̀wọ̀n àṣírí. Ìwé ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sọ pé ìgbà 183 ni wọ́n da omi bò ó nímú àti lẹ́nu bí ẹni tó ń rì sínú odò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Guantánamo. Ọdún 2024 parí, ó ti lé ní 20 ọdún tí wọ́n ti mú un, ilé ẹjọ́ ológun kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Kí ló fà á? Lára ohun tó fà á ni pé àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń jiyàn bóyá ọ̀rọ̀ tí a fi ìyà fà jáde lẹ́nu ènìyàn ṣe é gbà ní ilé ẹjọ́. Àwọn òbí kan tí wọ́n pàdánù ọmọ wọn ní ọdún 2001 ti bá ọ̀rọ̀ náà kú láìgbọ́ ìdájọ́. Ta ni ìkánjú yìí wá ṣe lóore? Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 780 ènìyàn ni wọ́n ti kó gba ẹ̀wọ̀n Guantánamo kọjá láti oṣù kìíní, ọdún 2002. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni wọ́n sì padà dá sílẹ̀ láìfi ẹ̀sùn kankan kàn wọ́n.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ìparí ọdún 2001, wọ́n mú ọmọ Líbíyà kan tí ń jẹ́ Ibn al-Shaykh al-Libi, wọ́n sì gbé e lọ sí Íjíbítì kí wọ́n lè fi ìyà tú u lẹ́nu. Nígbà tí ìyà pọ̀, ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́: pé Ìráàkì ń kọ́ àwọn ará al-Qaeda ní lílo ohun ìjà olóró. Ọ̀rọ̀ yìí ni Colin Powell kó lọ sí iwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oṣù kejì, ọdún 2003. Ní oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n wọ Ìráàkì. Wọn kò rí ohun ìjà olóró tí wọ́n ní àwọn ń wá, al-Libi fúnra rẹ̀ sì padà sọ pé irọ́ ni òun pa kí ìyà lè dínkù. Àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kọ́ sí Ìráàkì, tí wọ́n pè ní Camp Bucca, ni Abu Bakr al-Baghdadi wà ní ọdún 2004, láàárín àwọn tí inú ń bí. Ní ọdún 2014, òun ni ó kó ogun gba Mosul, tó sì pe ara rẹ̀ ní kálífà. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí Amẹ́ríkà wọ̀ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Guantánamo ni àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ̀ fún àwọn tí wọ́n dúńbú. Kò sí ohun tó lè mú ẹ̀ṣẹ̀ wọn fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ejò tó sì dáná sun oko, ejò á sá, oko á jó.

Bí àwọn òyìnbó bá ní àwọn kò mọ èyí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n bi Ìlú Ọba léèrè. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1971, nígbà tí ẹgbẹ́ IRA ń ju bọ́ǹbù ní Àríwá Ireland, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ṣọ́jà jáde ní ìdájí, wọ́n sì kó ènìyàn 342 lọ sí àhámọ́ láìsí ẹjọ́. Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ọ̀pọ̀ kò sì mọ ohunkóhun nípa IRA. Kí ló tẹ̀lé e? Ní oṣù kìíní, ọdún 1972, àwọn ará ìlú Derry tú jáde láti fẹ̀hónú hàn lórí àhámọ́ náà. Àwọn ṣọ́jà yìnbọn pa 13 nínú wọn ní ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò ronú IRA rí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún 1972 yìí ni ẹ̀mí ṣòfò jù lọ nínú gbogbo ìjà tó gbà tó 30 ọdún. Ní ọdún 1975, ilé ẹjọ́ tí ìbínú ti wọ̀ lẹ́wù sọ ọkùnrin 6 sí ẹ̀wọ̀n gbére nítorí bọ́ǹbù tó pa ènìyàn 21 ní Birmingham. Ọdún 1991 ni wọ́n tó gbà pé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò sì tíì sí ẹlòmíràn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi fún ẹ̀mí 21 náà. Ìgbà tí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ní ọdún 1998, ni iná náà tó rọlẹ̀.

Ẹ tún wo òṣùwọ̀n méjì tí wọ́n ń lò. Nígbà tí bọ́ǹbù pa ènìyàn 168 ní Oklahoma City ní oṣù kẹrin, ọdún 1995, àwọn oníròyìn kan ti na ìka sí Lárúbáwá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Timothy McVeigh ni wọ́n mú, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣọ́jà tẹ́lẹ̀ rí. Ní Nọ́wè, ní oṣù keje, ọdún 2011, òyìnbó kan tó kórìíra Mùsùlùmí pa ènìyàn 77. Ní New Zealand, ní oṣù kẹta, ọdún 2019, òyìnbó bíi tirẹ̀ pa ènìyàn 51 ní mọ́sálásí méjì ní ọjọ́ Jímọ̀. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni pe gbogbo òyìnbó jáde pé kí wọ́n wá tọrọ àforíjì? Rárá. Ilé ẹjọ́ Nọ́wè sọ apànìyàn tiwọn sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21, èyí tí wọ́n lè máa sún síwájú; ti New Zealand sọ tiwọn sí ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú. Ìka tó ṣẹ̀ ni wọ́n gé. A yìn wọ́n. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà wọn tiwa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa pẹ̀lú, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a tan ara wa. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2013, ọ̀dọ́ méjì pa ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì kan ní gbangba ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú Ọba ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ọmọ Nàìjíríà ni òbí wọn, orúkọ Yorùbá ni orúkọ ìdílé wọn. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi kí ọdún náà tó parí: wọ́n ní ọ̀kan kò gbọdọ̀ jáde láéláé, èkejì kò gbọdọ̀ jáde kí ọdún 45 tó pé. Ìdájọ́ òdodo ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà, àwọn kan ń ju iná sí mọ́sálásí. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí wọ́n bá ní nítorí orúkọ méjì yìí, kí ọlọ́pàá máa ká gbogbo Yorùbá tó wà ní Peckham mọ́lé, ǹjẹ́ a kò ní pariwo? Ẹ óò ní ìwà wèrè ni. Bí kò bá tọ́ láti fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni méjì jẹ ẹ̀yà kan níyà, báwo ni ó ṣe tọ́ láti fi jẹ ẹ̀sìn kan níyà?

Ẹnì kan yóò wí pé òfin máa ń fà, bọ́ǹbù kò sì í dúró de adájọ́. Òótọ́ ni, a kò sì ní kí ọlọ́pàá sùn. Kí wọ́n ṣọ́ ẹni tí wọ́n fura sí, kí adájọ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n mú un kó tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ta wọ́n lólobó? Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2009, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Kàtsínà, Mùsùlùmí pọ́ńbélé, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá, ó ní ọ̀rọ̀ Umar Farouk, ọmọ òun, ń dẹ́rù ba òun. Wọn kò gba físà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ó gbé bọ́ǹbù wọ ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Detroit. Ọlọ́hun ni kò jẹ́ kó bú. Agbára kọ́ ni ìjọba náà ṣe aláìní, etí ìgbọ́ràn ni. Wọ́n sì tún gbé ọmọ náà lọ sí ilé ẹjọ́ lásán, ó gbà pé òun jẹ̀bi ní ọdún 2011, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ní ọdún 2012. Ìjọba tó bá ń fìyà jẹ ẹbí ọ̀daràn, bàbá wo ni yóò tún rìn lọ bá a?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba òyìnbó. Èkínní, kí ẹjọ́ gbogbo afurasí jẹ́ ní gbangba, kí wọ́n sì ti Guantánamo pa. Èkejì, kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi ìyà fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ènìyàn, nítorí irọ́ ni ìyà ń bí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pe agbésùnmọ̀mí ní agbésùnmọ̀mí, ìbáà ṣe funfun, ìbáà ṣe dúdú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ohun kan ni a ń béèrè lọ́wọ́ tiyín náà. Bí ẹnikẹ́ni bá tọ̀ yín wá tó ní nítorí Guantánamo àti Ìráàkì, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó tó ń ra búrẹ́dì lójú pópó ti di ẹ̀tọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ àwọn tó kọ́ Guantánamo ni ó ń kọ́ yín: òun náà ń gé ìka tí kò ṣẹ̀. Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa nínú Súrà Al-Má'ídà, áyà kẹjọ, pé kí ìkórìíra wa sí ìjọ kan má ṣe sún wa ṣe àìṣòdodo. Àṣẹ yìí kò yọ ọ̀tá sílẹ̀, kò sì yọ àwa náà sílẹ̀. A kò lè máa fi ọwọ́ òsì kó àbòsí, kí a máa fi ọwọ́ ọ̀tún béèrè ìdájọ́ òdodo.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi òdodo sí ọkàn àwọn tó ń ṣe àkóso, kí Ó tu àwọn tí wọ́n fìyà jẹ láìṣẹ̀ nínú, kí Ó sì pa àwọn ọmọ wa mọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń fi orúkọ Rẹ̀ tan ènìyàn. Àmín.