Ta lẹ gbé àgbàlá yín lé lọ́wọ́?

Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, koríko ti ń yọrí, ìwé pélébé àwọn tó ń tún àgbàlá ṣe sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í há sára ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ti ra ilé ní Bowie, ní Lanham, àti káàkiri Prince George's County ní Maryland níbí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó bá jẹ́ kí koríko hù yí ilé rẹ̀ ká, ejò ló ń pè wá kí òun. Ṣe la máa ń ro ó kúrò, tí a ó gba ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Níbí, bí ọmọ ni wọ́n ń tọ́jú koríko: wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á fún un ní ajílẹ̀, wọ́n á tún wá gé e! Ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò ráyè ìyẹn. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, àwọn HOA, kò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹ ò ráyè. Lẹ́tà ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ, tó bá yá, owó ìtanràn á tẹ̀lé e. Kò burú rárá kí èèyàn gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí a ṣe ń yan ẹni náà ni mo ń bá wa jà sí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi wọ́n: "Èló lẹ máa gbà?" Ẹni tó bá pe owó tó kéré jù ló gba iṣẹ́. Tàbí kẹ̀, ọmọ ìjọ wa ni, ọmọ ìlú wa ni, ojú á wá ń tì wá láti béèrè ìwé. Èmi ò ní kẹ́ ẹ má gbé iṣẹ́ fún ọmọ ìlú yín o. Ẹ gbé e fún un, ẹ sì sanwó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ìwé tẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ àjèjì, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun náà.

Ti ìnṣọ́ránsì ló ṣe kókó jù, oríṣi méjì ló sì wà. Àkọ́kọ́ ló ń sanwó bí òkúta bá ta lábẹ́ ẹ̀rọ agékoríko, tó lọ fọ́ gíláàsì mọ́tò aládùúgbò. Èkejì wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Bí ọmọkùnrin kan bá já bọ́ látorí igi yín, tí ọ̀gá rẹ̀ kò sì ní ìnṣọ́ránsì òṣìṣẹ́, owó ilé ìwòsàn lè di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn. Ṣé torí $20 tẹ́ ẹ dín kù lẹ ṣe fẹ́ fi ilé tẹ́ ẹ fi òógùn rà wewu? Fọ́tòkọ́pì inú àpò kò tó. Ó lè ti kọjá ọjọ́. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra wọn fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí yín.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ló máa ń rú wa lójú, torí kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó kàn ń gé koríko kò nílò ti MHIC, ìyẹn Maryland Home Improvement Commission. Àmọ́ bó bá fẹ́ tẹ́ òkúta, tàbí kọ́ ògiri kékeré sí àgbàlá, ó gbọ́dọ̀ ní in, òfin kò sì gbà kó béèrè ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ náà ní àsansílẹ̀. Ẹni tó ń gé igi, Department of Natural Resources ló ń fún un láṣẹ. Ẹni tó ń fín oògùn apakoríko, Department of Agriculture ni. Òfin ajílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2013 kò sì gbà kí àwọn oníṣẹ́ yìí da ajílẹ̀ sí koríko láti December 1 títí di March 1, torí pé òjò á wọ́ ọ lọ sínú omi Chesapeake, níbi tí ẹja àti akàn wà.

Ẹ tún dán ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe máa ń ga tó tó bá ti gé koríko tán. Fún koríko fescue tó pọ̀ níbí, íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ló dáa. Ẹni tó ń fá a bí orí ọmọ tuntun, oòrùn July ló ń sè é fún. Ẹ wo ìdí igi ní ilé tó ti ṣiṣẹ́ rí. Bó bá kó mulch, èèpo igi rírún yẹn, jọ sí ìdí igi bí ebè iṣu, ẹ sá fún un. Èèpo igi náà á jẹrà, igi á sì kú díẹ̀díẹ̀. Íǹṣì méjì sí mẹ́ta ló tó, kò sì gbọdọ̀ kan ara igi.

Kí àdéhùn wà nínú ìwé: ẹ̀ẹ̀melòó ló máa wá lóṣù, ṣé kíkó ewé tó bá wọ́ sílẹ̀ ní November wà nínú owó náà, àti bẹ́ ẹ ṣe lè jáwọ́. Bó bá jẹ́ òun ló wá kan ilẹ̀kùn yín, tẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i nínú ilé yín, òfin ìjọba àpapọ̀ fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti fagi lé e. Nọ́ńbà MHIC rẹ̀ náà, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́dọ̀ Maryland Department of Labor. Kò gbà yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ṣe é kó tó já ẹrù sílẹ̀ níwájú ilé.