Ibẹ̀ Gan-an Ni Wọ́n Bí Wọn Sí

Ẹni tó bá kọjú sí gúúsù ní Ìlórò-Èkìtì lóru oṣù Kẹfà, bí òjò bá yọ̀ǹda ojú ọ̀run, àárín agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀ ló ń wò yẹn. Ó tilẹ̀ ga lójú ọ̀run wa ju bó ṣe ga ní Hawaii, níbi tí Andrea Ghez ti ń ṣọ́ ọ. Ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ 26,000 ló jìn sí wa, eruku sì bò ó mọ́ ojú lásán. Ihò dúdú tó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Sagittarius A*. Ghez àti Reinhard Genzel pín nínú ẹ̀bùn Nobel 2020 nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kò tíì ju nǹkan bí ọmọ mílíọ̀nù ọdún mẹ́fà lọ; oòrùn tiwa ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀.

Àwọn kan ní wọn ò lè bí ìràwọ̀ síbẹ̀, pé ihò dúdú náà á ti fa kurukuru gáàsì ya kó tó ráyè dì. Wọ́n ní òkèèrè ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti jọ rọ́ wá lágbo. Èmi ò gbà. Ọkọ̀ tó kó àpò ìrẹsì tó ti ya láti Ìgbẹmọ wá sí Ìlórò, dandan ni kó da ìrẹsì sójú títì. Agbo ìràwọ̀ tí ihò dúdú ń fà ya bọ̀ lọ́nà náà á ti já ọmọ sílẹ̀. Àmọ́ bí a ṣe ń súnmọ́ ihò náà ni àwọn ọ̀dọ́ ìràwọ̀ ń pọ̀ sí i; tí a bá ti kọjá ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ bíi kan ààbọ̀ sí i, wọ́n wọ́n bí ojú. Ní 2003, Yuri Levin àti Andrei Beloborodov tún fi hàn pé apá kan pàtàkì nínú wọn ń yí sí ìhà kan náà, lójú pẹrẹsẹ kan náà. Bí gáàsì tó ń yí ihò dúdú ká ṣe ń tẹ́ gan-an nìyẹn. Bó bá sì ki tó, ìwúwo ara rẹ̀ á borí ìfàya ihò náà, á dì, á di ìràwọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kò ṣeé ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìṣirò gbè é.

Wọ́n á ní gbogbo wọn kọ́ ló wà lójú pẹrẹsẹ yẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣàn gáàsì lè ju ẹyọ kan lọ, mílíọ̀nù ọdún sì tó láti yí ipa ọ̀nà ìràwọ̀ padà. Àwọn tó súnmọ́ ihò náà jù lọ ló le díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni S2, tó ń fi ọdún 16 yí i ká. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ìlọ́po 120 péré jíjìn ayé sí oòrùn ló fi jìnnà sí ihò náà, ó sì ń sáré bíi 7,700 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ipa ọ̀nà àwọn wọ̀nyí dorí kọ ibi gbogbo, mo sì gbà pé wọn ò bí wọn sí ojúkò yẹn gan-an. Àlàyé tó dára jù ni pé ìràwọ̀ méjì tó so pọ̀ súnmọ́ ihò náà jù: ó gba ọ̀kan, ó ju èkejì nù. Ní 2019, wọ́n kéde irú èyí tó jù nù bẹ́ẹ̀, S5-HVS1, tó ń sáré 1,700 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ó ti kúrò níbẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún márùn-ún, ìgbà tó bá ọjọ́ orí àwọn ọ̀dọ́ ojú pẹrẹsẹ yẹn mu. Kò sí ohun tó ní ká lọ wá ìbí wọn lókèèrè. Ẹni tó bá ṣì takú pé agbo ló gbé wọn dé, kó tọ́ka sí àwọn tó já sílẹ̀ lọ́nà.