Ètò Ọ̀fẹ́ fún Ìwé Ìṣirò Ìsọ̀



Ìyàwó kan tí ó ń ta aṣọ ní Òkè-Àjé, ní Ìjẹ̀bú-Òde wa níhìn-ín, bi mí ní ìbéèrè kan. Bí ọdún Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́, àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé a máa ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò rin ìwé gbèsè rẹ̀ gbingbin, owó àwọn mìíràn sì bá omi lọ. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó lo Odoo lórí kọ̀ǹpútà, pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Ọ̀gbẹ́ni Fabien Pinckaers ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 2005. TinyERP ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 2015 ni wọ́n pín in sí méjì. Community jẹ́ ọ̀fẹ́: ẹnikẹ́ni lè gbà á, kí ó wo bí a ti kọ ọ́, kí ó sì tún un ṣe. Enterprise ni a ń fi owó gbà, iye ènìyàn tí ń lò ó ni a sì fi ń ṣírò owó náà. Irú ètò báyìí ni a ń pè ní open core.

Ó dà bí ẹni tí ó kọ́ yín ní ìkọ́kọrẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó fún yín ní ewùrà àti epo, ṣùgbọ́n tí ó ń ta ẹja rẹ̀. Èmi kò bá a wí. Alásè náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé, kí ni ó yọ kúrò nínú ìkòkò?

Nínú Community, ẹ lè kọ ọjà tí ó wà nílẹ̀, kí ẹ tajà, kí ẹ kọ ìwé owó fún oníbàárà, kí ẹ sì mọ ẹni tí kò tíì san. Ṣùgbọ́n ìṣirò pípé, bí ìròyìn èrè àti àdánù, inú Enterprise ni ó wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Odoo Community Association ti ṣe àfikún ọ̀fẹ́ tí ó dí lára àlàfo náà, àmọ́ ẹni tí yóò tò ó gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́. ERPNext ti Íńdíà kò tilẹ̀ fi ìṣirò pamọ́ rárá.

Ẹ má gbàgbé iná, kọ̀ǹpútà, àti owó ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde; ilé-iṣẹ́ náà ń bá ẹni tí ó sanwó kó ìwé rẹ̀ bọ́ sí tuntun, ẹni tí ó wà lórí ọ̀fẹ́ ni yóò wá ọ̀nà ara rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ dọ́là ni a fi ṣírò owó oṣooṣù yín, ẹ rántí ohun tí ojú náírà rí láti oṣù kẹfà ọdún 2023.

Mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi Community bẹ̀rẹ̀, títà àti gbèsè nìkan, fún oṣù mẹ́ta, kí ó má sì san kọ́bọ̀ fún Enterprise. Kí ó máa kọ sínú ìwé rẹ̀ bákan náà, nínú ọ̀rá, kí ó sì máa da gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì kan tí yóò wà nílé.

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn ajigbèsè ni ó kọ́kọ́ wọlé.